Ẹ̀KỌ́ KỌ̀ǸPÚTÀ FÚN ẸNI TÍ KÒ FỌWỌ́ KÀN ÁN RÍ

  

Àwọn tí ó máa ń ka ojú ewé wa yìí lọ́dọọdún mọ̀ pé Náhàwù àti Sọ́rúfù ni a sábà máa ń ṣàlàyé níbẹ̀. Lọ́dún yìí, a fẹ́ yà bàrá díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ sọ, pàápàá jùlọ kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, nítorí àwọn méjèèjì yìí ni a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ kò kéré.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ọmọ kéwú wa kan wà ní ìlú Ọ̀yọ́ níbí, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Bí ó bá ń ka Kùránì, ẹni tí ń kọjá lọ á dúró gbọ́. Ó mọ Náhàwù, ó sì ti ilé ìwé girama jáde pẹ̀lú èsì tí ó dára. Ẹ̀kọ́ èdè Lárúbáwá ni ó fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, ó sì forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Ibùdó ìdánwò tí wọ́n fún un wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ó ti kírun àsùbáà tán ni ó gbéra, ìyá rẹ̀ sì bá a dé ibùdókọ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọmọ yìí gbé máòsì sókè kúrò lórí tábìlì bí ẹni gbé fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ẹ̀rù sì ń bà á láti béèrè, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń jí ìwé wò. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ó tó mọ̀ pé orí tábìlì ni wọ́n ń fà á. Nígbà tí àkókò pé, ìbéèrè tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn rárá lé ní ọgọ́ta.

Ó padà wá bá wa ní ilé kéwú. Ó ní: “Àáfà, ìdáhùn wọn wà lórí mi. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá dé egungun. Ọmọ náà kò ṣe ọ̀lẹ. Àwa tí a kọ́ ọ ni a kò kọ́ ọ dé ibẹ̀, nítorí pé àwa náà kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

KÍ NI Ó FI KÀN WÁ?

Ẹnì kan lè wí pé: “Ọmọ kéwú ni ọmọ mi, kí ni ó kàn mí nínú kọ̀ǹpútà?” Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Ọdún 1978 ni ìjọba dá JAMB sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ́ńsù àti ìwé ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ní ọdún 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe é fún àwọn kan. Nígbà tí ó fi di 2015, pẹ́ńsù ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ní ọdún 2024, WAEC náà bẹ̀rẹ̀ èyí tí a ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn tí ń ṣe ìdánwò láti ìta. Èdè Lárúbáwá àti ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ìsìláàmù wà lára iṣẹ́ tí a lè yàn nínú JAMB. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kéwú síwájú sí i ní yunifásítì gbọ́dọ̀ gba iwájú kọ̀ǹpútà kọjá.

Ẹ tún jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìbéèrè 180 ni wọ́n ń bi akẹ́kọ̀ọ́: 60 lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Wákàtí méjì péré ni wọ́n fi ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi ogún ìṣẹ́jú wá bí wọ́n ti ń lo máòsì ti pàdánù àyè ìbéèrè 30, kí ó tó ka ẹyọ kan. Ìmọ̀ kọ́ ni ó fi pàdánù rẹ̀, ọwọ́ ni.

KÍ NI KỌ̀ǸPÚTÀ?

Kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tí ń gba ọ̀rọ̀ tàbí ìṣirò lọ́wọ́ wa, tí ń ṣiṣẹ́ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tí a fún un, tí ó sì ń fi èsì hàn wá. Kò ní ọgbọ́n ti ara rẹ̀ bí ènìyàn. Ohun tí a bá ní kí ó ṣe ni ó ń ṣe, bí a bá sì ṣi àṣẹ pa, àṣìṣe náà ni yóò ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹ má jẹ́ kí ó ṣàjèjì sí yín. Ẹ ti mọ wàláà, kálámù àti tàdáwà. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó dà bíi tẹlifíṣọ̀n ni wàláà. Kíbọ́ọ̀dù ni kálámù tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Máòsì ni ìka tí àáfà fi ń tọ́ka sí ibi tí kí ẹ kà. Àpótí tí ó wà lábẹ́ tábìlì tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ni ọpọlọ rẹ̀, inú rẹ̀ ni iṣẹ́ gbogbo wà. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí a ń ṣí bí ìwé, gbogbo wọn wà lójú kan.

Ẹ má sì rò pé ti ẹlòmíràn nìkan ni ìmọ̀ yìí. Ní ìlú Bàgídáádì, ní ayé Kálífà al-Ma’mun tí ó jọba láti ọdún 813 sí 833, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan wà tí ń jẹ́ Muhammad ọmọ Musa al-Khwarizmi. Ó kọ ìwé lórí ìṣirò tí ó pè ní al-jabr. Láti inú orúkọ ìwé yẹn ni àwọn òyìnbó ti mú ọ̀rọ̀ náà algebra. Láti inú orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti mú algorithm, èyí tí í ṣe ọ̀nà títo iṣẹ́ ní ìpele-ìpele títí yóò fi parí. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ń gbà ṣiṣẹ́ títí di òní. Nítorí náà, bí ọmọ kéwú bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, kì í ṣe àlejò níbẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: MÁÒSÌ

Eku ni ìtumọ̀ máòsì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó ti rí roboto, tí okùn rẹ̀ sì ń wọ́ tẹ̀lé e bí ìrù, ni ó fà á. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Douglas Engelbart ni ó ronú kàn án. Bill English ni ó bá a kan àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1964, igi ni wọ́n sì fi ṣe ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968 ni ó fi í han ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú San Francisco. Àwọn kan wà báyìí tí kò ní okùn mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Bí a ṣe ń dì í mú: Orí tábìlì ni ààyè rẹ̀. A kì í gbé e sókè. A ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó pẹ̀sẹ̀, bí ẹni fọwọ́ bo ẹyin tí kò fẹ́ kí ó fọ́. Okùn rẹ̀ yóò kọjú síwájú, kúrò lọ́dọ̀ wa. Ìka ìfábẹ̀lá, èyí tí a fi ń jẹ́rìí lórí ìrun, yóò wà lórí bọ́tìnnì òsì. Ìka àárín yóò wà lórí bọ́tìnnì ọ̀tún. Àtàǹpàkò àti àwọn ìka yòókù yóò di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Ẹ má ṣe fún un pa. Ẹni tí ó bá ń fún un mọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa gbọ̀n.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́: Bí a ti ń fà á lórí tábìlì ni ọfà kékeré kan yóò máa rìn lójú kọ̀ǹpútà. Bí a bá fà á sí ọ̀tún, ọfà lọ sí ọ̀tún. Bí a bá tì í síwájú, ọfà gòkè. Bí a bá fà á sọ́dọ̀ ara wa, ọfà sọ̀ kalẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ọwọ́ yín. Bí máòsì bá dé etí tábìlì kí ọfà tó dé ibi tí a fẹ́, a ó gbé e díẹ̀, a ó dá a padà sí àárín, a ó sì tún máa fà á lọ. Ìgbà yìí nìkan ni a ń gbé e.

Iṣẹ́ márùn-ún ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ níbẹ̀:

1. Títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A ó gbé ọfà lé ohun tí a fẹ́, a ó tẹ̀ bọ́tìnnì òsì lẹ́ẹ̀kan, a ó sì fi í sílẹ̀. Èyí ni a fi ń yan nǹkan. Òun ni a fi ń yan ìdáhùn nínú ìdánwò.

2. Títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A ó tẹ̀ bọ́tìnnì òsì lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, bí ẹni kan ilẹ̀kùn kó-kó. Èyí ni a fi ń ṣí nǹkan. Bí ó bá falẹ̀ láàárín méjèèjì, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí títẹ̀ ẹyọ kan. Máòsì kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́.

3. Bọ́tìnnì ọ̀tún. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, àkójọ àwọn ohun tí a lè ṣe yóò jáde. Bí ó bá ṣèèṣì jáde, ẹ má bẹ̀rù, ẹ gbé ọfà sí ibi tí ó ṣófo, kí ẹ tẹ̀ bọ́tìnnì òsì, yóò sì lọ.

4. Fífà. A ó tẹ̀ bọ́tìnnì òsì mọ́lẹ̀ láìfi sílẹ̀, a ó fà á lọ sí ibi tí a fẹ́, kí a tó fi í sílẹ̀. Èyí ni a fi ń gbé nǹkan láti ibì kan sí òmíràn.

5. Táyà kékeré tí ó wà láàárín. Bí a bá yí i, ojú ewé yóò máa gòkè tàbí kí ó máa sọ̀ kalẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kékeré ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ máòsì ayé òde òní, òun ni ó ń wo ojú tábìlì láti mọ ibi tí ó ń lọ. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí gíláàsì tàbí tábìlì tí ń dán bíi dígí. Bí ọfà bá ń fò káàkiri, ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń lò lè gbé e sí òsì. Kọ̀ǹpútà ní ibi tí a ti lè yí bọ́tìnnì méjèèjì padà fún wọn.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: KÍBỌ́Ọ̀DÙ

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wo kíbọ́ọ̀dù yóò béèrè pé: èéṣe tí kò fi bẹ̀rẹ̀ láti A, B, C, D? Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni ó ti jogún ìtò rẹ̀, irú èyí tí àwọn tẹ̀wétẹ̀wé máa ń gbé kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kóòtù nígbà kan. Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe é, ilé iṣẹ́ Remington sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1874. Bí ìtò náà ṣe wà lónìí nìyí:

Ìlà òkè: Q W E R T Y U I O P
Ìlà àárín: A S D F G H J K L
Ìlà ìsàlẹ̀: Z X C V B N M

Ẹ kọ ìlà mẹ́ta yìí sórí bí ẹ ti ń kọ háráfí sórí. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní máa wá lẹ́tà kiri bí adìẹ tí ń wá àgbàdo.

Ibi tí ìka ń sùn: Ẹ fọwọ́ kan lẹ́tà F àti J. Ẹ ó rí i pé kókó kékeré kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ibẹ̀ ni ìka ìfábẹ̀lá méjèèjì máa ń sùn: ti òsì lórí F, ti ọ̀tún lórí J. Àwọn ìka òsì yòókù yóò wà lórí D, S àti A. Ọmọńdinrín ni ó ni A. Àwọn ìka ọ̀tún yòókù yóò wà lórí K, L àti àmì tí ó tẹ̀lé L. Àtàǹpàkò méjèèjì yóò wà lórí bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀, èyí tí a fi ń fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀. Láti ibi wọ̀nyí ni ìka kọ̀ọ̀kan ti ń jáde lọ tẹ̀ lẹ́tà tí ó súnmọ́ ọn, kí ó sì padà sílé. Ìfábẹ̀lá òsì ni ó ni R, T, F, G, V àti B. Ìfábẹ̀lá ọ̀tún ni ó ni Y, U, H, J, N àti M.

Àwọn kan yóò wí pé kò ṣeé ṣe láti tẹ̀wé láìwo ọwọ́. Ó ṣeé ṣe. Awunṣọ òfì ní Ọ̀yọ́ kì í wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń hun. Ní ìlú Ọ̀yọ́ yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí Federal College of Education (Special) sílẹ̀ ní 1977, fún ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran, àwọn tí kò gbọ́ràn àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ríran, bí ó bá ti kọ́ ọ, kókó ara F àti J ni yóò fi mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà, yóò sì tẹ̀wé láìṣì í. Kí ni àwáwí àwa tí a ní ojú méjèèjì?

Àwọn bọ́tìnnì tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí lẹ́tà nìwọ̀nyí:

Shift: A ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ lẹ́tà kan, lẹ́tà náà yóò sì jáde ní ńlá.
Caps Lock: Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo lẹ́tà ni yóò máa jáde ní ńlá títí a ó fi tún un tẹ̀.
Enter: Ó ń gbé wa lọ sí ìlà tuntun, bí a bá ti pàṣẹ kan, òun náà ni ó ń wí pé “ó yá, ṣe é.”
Backspace: Ó ń pa ohun tí ó wà lẹ́yìn igi kékeré tí ń ṣẹ́jú rẹ́. Igi yẹn ni ó ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ yóò bọ́ sí hàn.
Delete: Ó ń pa ohun tí ó wà níwájú igi náà rẹ́.
Àwọn ọfà mẹ́rin: Wọ́n ń gbé igi náà lọ sókè, sísàlẹ̀, sí ọ̀tún àti sí òsì.
Ctrl: Kì í dá ṣiṣẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ S, ó ń fi iṣẹ́ pamọ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ Z, ó ń dá ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ padà.

Títẹ̀ bọ́tìnnì kò gba agbára. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tètè fi í sílẹ̀. Bí ìka bá pẹ́ lórí A, ọ̀wọ́ A ni yóò tò lọ bí èèrà.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: BÍ A ṢE Ń TẸ̀ LÁRÚBÁWÁ

Kíbọ́ọ̀dù kan náà ni a fi ń tẹ̀ háráfí Lárúbáwá. A ó kọ́kọ́ fi èdè Lárúbáwá kún èdè tí kọ̀ǹpútà mọ̀, ní ibi ètò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows, bí a bá tẹ̀ Alt mọ́ Shift, yóò kúrò nínú Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí Lárúbáwá. Bí a bá tún un tẹ̀, yóò padà. Nígbà náà, láti ọ̀tún sí òsì ni ìwé yóò máa lọ bí ó ti yẹ.

Ní ìlà àárín, láti A lọ títí dé L, àwọn háráfí tí yóò jáde nìyí: ش س ي ب ل ا ت ن م. Ẹ rí i pé ب wà lábẹ́ ìfábẹ̀lá òsì, ت sì wà lábẹ́ ti ọ̀tún. Fún àmì ohùn, Shift mọ́ Q ni fat-ha, Shift mọ́ A ni kasra, Shift mọ́ E ni damma, Shift mọ́ X sì ni sukun. Háráfí ni a ń kọ́kọ́ tẹ̀, kí a tó fi àmì lé e lórí, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń ṣe lórí wàláà. Ẹ má ṣe dààmú nípa bí háráfí ṣe ń so mọ́ra wọn. Kọ̀ǹpútà mọ ìgbà tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní ìparí ọ̀rọ̀.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: ÌFIPAMỌ́

Àwa fúnra wa ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kọ̀ǹpútà, a jókòó lẹ́yìn ìrun ìṣáì láti tẹ ìbéèrè ìdánwò kíláàsì Thanawiyyah. Ojú ewé mẹ́rin ni, Lárúbáwá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ gbogbo. Ó gbà wá ní wákàtí mẹ́ta. Bí a ti ń tẹ ìbéèrè tí ó kẹ́yìn ni iná lọ. Nígbà tí iná padà dé, a kò bá háráfí kan ṣoṣo. Bírò ni a fi tún gbogbo rẹ̀ kọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, a sọ ọ́ ní kíláàsì. Ọmọbìnrin kan ní Idaadiyyah, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, dìde. Ó ní: “Àáfà, ẹ má bínú o. Ẹ ò fi pamọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi pamọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti tẹ ìlà mẹ́ta.” Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin yìí ni ó kọ́ wa ní Ctrl mọ́ S, ojú kò sì tì wá láti sọ ọ́.

Ohun tí a ń kọ, títí a ó fi fi í pamọ́, dà bí tàdáwà tí kò tíì gbẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ fún un ní orúkọ, kí ẹ fi pamọ́, kí ẹ sì máa tẹ̀ Ctrl mọ́ S lóòrèkóòrè. Bí ẹ bá parí, ẹ má ṣe já iná rẹ̀ lójijì. Ẹ pa á láti ojú rẹ̀, níbi tí a kọ Shut down sí, kí ẹ tó pa iná ara ògiri.

BÍ ÌDÁNWÒ BÁ DÉ

Ìròyìn ayọ̀ kan nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. JAMB fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí máòsì kò bá mọ́ lọ́wọ́, láti fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò. A, B, C àti D ni a fi ń yan ìdáhùn. N ń gbé wa lọ sí ìbéèrè tí ó kàn. P ń dá wa padà sí èyí tí ó kọjá. S ni ti ẹni tí ó ti parí tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. R ni ó ń mú wa padà bí a bá ṣèèṣì tẹ̀ S. Ká ní ọmọ wa ti mọ mẹ́jọ yìí ni, ìbá ti gbé máòsì sílẹ̀, ìbá sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá sì yé akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó na ọwọ́ sókè, kí ó pe alábòójútó. Ẹni tí ó béèrè nípa ẹ̀rọ kò jí ìwé wò.

BÍ KÒ BÁ SÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ŃKỌ́?

Ní ilé kéwú wa, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ méjì péré ni a ní, àwọn ọmọ sì pọ̀. Ohun tí a ń ṣe nìyí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú páálí kan wá, yóò ya kíbọ́ọ̀dù sí i bí ó ti tóbi gan-an. Yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹyọ ìrẹsì kọ̀ọ̀kan mọ́ F àti J. Lójoojúmọ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn yóò gbé ìka sí ààyè rẹ̀, a ó sì máa pe ọ̀rọ̀ fún wọn: “ilé,” “ìwé,” “baba.” Wọn yóò máa tẹ̀ ẹ́ lórí páálí láìwo ọwọ́. Nígbà tí ó bá kan ọmọ láti dé iwájú kọ̀ǹpútà, ìka rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Fún máòsì, ọṣẹ kékeré tí a kò tíì tú ni a fi ń kọ́ wọn bí a ṣe ń dì í mú lórí tábìlì.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù tẹ̀wétẹ̀wé pọ̀ ní àdúgbò Under G lẹ́bàá LAUTECH, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Ní Ọ̀yọ́ náà, wọn kò wọ́n. Bí òbí bá bẹ ọ̀kan nínú wọn pé kí ọmọ òun máa wá ran wọ́n lọ́wọ́ ní àsìkò ìsinmi, ọmọ náà yóò rí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn.

Ọ̀RỌ̀ WA FÚN Ẹ̀YIN ÒBÍ ÀTI JÀMÁÀ

A mọ ohun tí ń bà yín lẹ́rù. Ẹ ń wí pé kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ yàhúù fi ń lu jìbìtì, ẹ kò sì fẹ́ kí ọmọ yín dà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù yín tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kan náà tí a fi ń gé iṣu ni olè fi ń halẹ̀ mọ́ni, a kò sì tìtorí rẹ̀ kó ọ̀bẹ kúrò nílé. Ọmọ tí ó bá kọ́ kọ̀ǹpútà lójú àáfà àti lójú òbí rẹ̀ sàn ju èyí tí yóò lọ kọ́ ọ ní kọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní gbangba, ní yàrá tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, kí ẹ sì máa béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀yin jàmáà, ẹ̀ bẹ̀ wa kò pọ̀. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ nílé tí kò lò mọ́, kí ó rántí ilé kéwú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Ìmọ̀ tí ènìyàn rí kọ́ nípasẹ̀ wa, ẹ̀san rẹ̀ kò ní tán lára wa.

Nípa ọmọ wa yẹn, kò jókòó sunkún. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ń tẹ páálí láràárọ̀. Ní ọdún kejì, ó padà sí ìdánwò, ó dé orí ìbéèrè 180, ó sì tún ráyè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó wà ní yunifásítì báyìí, ẹ̀kọ́ Lárúbáwá náà ni ó ń kọ́. Ṣùgbọ́n ọdún kan ti lọ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì san owó ẹ̀ẹ̀mejì. Àwa ni a fi ọdún rẹ̀ kọ́gbọ́n. A kò fẹ́ kí ọmọ mìíràn san irú gbèsè náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÁNRAWÒ

1. Ìgbà wo nìkan ni a ń gbé máòsì kúrò lórí tábìlì?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan àti títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?
3. Kí ni ìlò kókó kékeré tí ó wà lára F àti J?
4. Bọ́tìnnì wo ni a fi ń pa ohun tí ó wà lẹ́yìn igi kékeré rẹ́, èwo sì ni ti iwájú rẹ̀?
5. Kọ àwọn háráfí Lárúbáwá tí ó wà ní ìlà àárín, láti A dé L.
6. Dárúkọ bọ́tìnnì mẹ́jọ tí a lè fi ṣe ìdánwò JAMB, kí o sì sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.
7. Ya kíbọ́ọ̀dù sí páálí, kí o sì mú un wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bá wọlé.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó má jẹ́ kí ọwọ́ wa kùnà ohun tí orí wa ti mọ̀. Àmín.